Gbàǹjo Hẹfisíbà

"Ewúrẹ́ yẹn fẹ́ jókòó ni."

"Ó fẹ́ dìde ni," Sádókù, bàbá àgbẹ̀ kan ládùúgbò wa, dá mi lóhùn.

"Bàbá, bó ṣe wà látàárọ̀ nìyẹn."

"Ó ti ń fẹ́ dìde látàárọ̀ nìyẹn."

Bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn níwájú ilé ọtí abúlé wa, ní ìgbèríko Bọ́sítìnì. Tí mo bá ní òjò ń rọ̀, Sádókù á ní ìrì ni, kódà kí fìlà ẹ̀ máa kán tótó. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu lásán ni mo fi ń jà. Wọ́n fẹ́ gbé Hẹfisíbà sí gbàǹjo.

Olólùfẹ́ mi ni. Ibà ló ṣe é nígbà òtútù, tó da orí ẹ̀ rú. Ìyá mi ní wèrè ò ní í wọ ìdílé òun, ni ìgbéyàwó wa bá dúró. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tì í mọ́ àká, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yẹn wá kú, Hẹfisíbà di ẹrù ìlú. Ẹni tó bá béèrè owó tó kéré jù lọ́wọ́ ìlú ló máa mú un lọ, táá máa bọ́ ọ.

Sádókù ló máa ń jẹ gbàǹjo yẹn. Bàbá arúgbó tó mú lọ lọ́dún tó kọjá, inú ilé àgùntàn ló kú sí, nínú yìnyín.

Ìlú ti ra ọtí fún gbogbo èèyàn, kí ọkàn wọn lè rọ̀.

"Ṣílè kan lọ́sẹ̀," Sádókù ní nígbà tí gbàǹjo bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀fẹ́," mo ní.

"Ọ̀fẹ́ lèmi náà. Èmi sì ní oko. Kí ni ọmọ yìí ní, yàtọ̀ sí ẹnu?"

Àwọn àgbà ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀. Olórí wọn ti gbé òòlù sókè láti fi Hẹfisíbà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ dúró," mo ní. "Ìyàwó mi ni. Wọ́n ti ké orúkọ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì kó tó ṣàìsàn."

Pásítọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abúlé wa ni. Ó ní, "Ó gbọ́dọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó lè so yín pọ̀. Ta ló gbọ́ ọ?"

Àwọn èèyàn ń mu ọtí ìlú lọ. Ìyá mi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ké e, àmọ́ bàtà ẹ̀ ló ń wò.

Mo wo Sádókù. Mo rọra ní, "Ká sòótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni."

"Irọ́ lo pa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ẹ̀yìn ẹ ni mo jókòó sí. Lọ́jọ́ kẹta yẹn, o tiẹ̀ yọ ahọ́n sí mi."

"Ẹ̀ẹ̀mejì, Bàbá."

"Mo lè búra." Ó nawọ́ sókè, ó búra.

Pásítọ̀ yíjú sí Hẹfisíbà. Ojú ẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. "Ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ó ń fọwọ́ pa ojú egbò ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé 'bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni' fún mi bí ọmọ ọwọ́. Òun nìkan ló máa ń wá síbi ihò àká wá bá mi jiyàn. Mo fẹ́ ẹ."

Ibi tí wọ́n ti ń mutí ni wọ́n ti so wá pọ̀. Ìyá mi jáde kí pásítọ̀ tó parí.

"Ìfẹ́ mi, ká lọ sílé," mo sọ fún Hẹfisíbà.

"Ṣé ilé ẹ ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó ní."

"Ọwọ́ ta ló máa wà?"

"Ọwọ́ ẹ."

Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀rù bà mí, torí mi ò mọ bí orí ẹ̀ ṣe máa jí lọ́la, mi ò sì mọ ohun tí màá ṣe tó bá dójú ẹ̀. Mo ṣáà di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Sádókù ti kọjá lára ewúrẹ́ yẹn, ó ń dá lọ sílé, ó ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá pàdé pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ọmọ yẹn rò pé òun lè bá mi jiyàn."