Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Tó Di Ọgbọ̀n

Bírò mẹ́ta ló wà níwájú Ayọ̀kúnnúmi lórí tábìlì: dúdú kan, búlúù méjì, ọ̀kan nínú búlúù náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Fatimah, tó ń gba káàdì lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n náà. Ó ní bí ọjọ́ mẹ́fà bá ṣófo nínú ìwé, èèyàn kì í fi bírò kan ṣoṣo kọ ọ́, torí àwọn alábẹ̀wò ìjọba kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀ láti Ìlọrin. Ayọ̀kúnnúmi rẹ́rìn-ín, ó mú bírò dúdú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti ṣe WAEC tán, ó ń múra sílẹ̀ fún JAMB. Àbúrò ìyá rẹ̀, Dókítà Bíọ́lá, ló ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ọ̀fà, ibẹ̀ ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kó má baà máa jókòó lásán. Iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́gẹ́ ni. Gbogbo irinṣẹ́ tó bá ti wọ ẹnu èèyàn, òun ló ń fọ̀ ọ́, tó ń dì í sínú bébà, tó sì ń kó o sínú ẹ̀rọ kan tó dà bí ìkòkò ńlá, tó ń fi ooru pa kòkòrò àrùn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló gbọ́dọ̀ lò níbẹ̀. Tépù kan wà lára bébà náà tó máa ń dúdú bí ooru bá ti kàn án, ṣùgbọ́n tépù kò mọ ìṣẹ́jú. Ìwé nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí Bíọ́lá fi ní kó máa kọ àkókò tó gbé e kaná àti àkókò tó sọ̀ ọ́, lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, iná mànàmáná lọ nígbà tó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, kíláàsì JAMB sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó dúró kí iná dé, kó tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo tépù, tépù ti dúdú. Ló bá kó irinṣẹ́ náà jáde, ó tò wọ́n mọ́ àwọn yòókù lórí pẹpẹ, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ó tijú àtikọ ọ́, ó tún fò ó. Kékeré là ń pẹ̀ka ìrókò; Ayọ̀kúnnúmi fi tirẹ̀ sílẹ̀ títí ọjọ́ mẹ́fà fi ṣófo. Ní Ọjọ́bọ̀ yìí, ó wá fi bírò sọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ọgbọ̀n.

Alhaja Àríkẹ́ ló ṣáájú àwọn alábẹ̀wò tó dé ní àárọ̀ Jímọ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó wo ibi tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí, ó wo ọjọ́ tí agbára oògùn máa tán, ó ṣí omi ẹ̀rọ wò. Nígbà tó kan ìwé, ó ṣí i léwé-léwé. Alhaja pa á dé, ó ní láti oṣù yìí, òun kò tíì rí ìwé tó pé tó bẹ́ẹ̀. Inú Àǹtí Bíọ́lá dùn, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ló ń kọ ọ́. Alhaja wọ ọ́fíìsì láti kọ ìwé àṣẹ.

Ìyá arúgbó kan wà níta tó ti gun ọ̀kadà wá láti Ìjagbó láti àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú gọbọi. Ìyá Tàjùdéèn ni wọ́n ń pè é. Àǹtí Bíọ́lá ní kí wọ́n má jẹ́ kí ìyá náà jìyà mọ́, ó gbé e sórí àga, ó sì ní kí Ayọ̀kúnnúmi mú irinṣẹ́ wá.

Ọmọ náà dúró níwájú pẹpẹ. Gbogbo àwọn bébà náà jọra wọn. Èwo ni ti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá? Bó bá sọ̀rọ̀, Alhaja ṣì wà nínú ilé, orúkọ àǹtí rẹ̀ á bàjẹ́. Bó bá dákẹ́, ẹnu ìyá yìí ló máa lọ. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó mú ọ̀kan, ó gbé e fún àǹtí rẹ̀, ó rí i tó ń múra láti ya bébà náà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u." Ó di bébà náà mú. "Mi ò mọ èyí tó jinná nínú wọn. Iná lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo kó wọn jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àná ni mo jókòó kọ ọjọ́ mẹ́fà tó kẹ́yìn nínú ìwé yẹn."

Àǹtí Bíọ́lá kò lù ú. Ì bá tilẹ̀ sàn kó lù ú. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bẹ ìyá náà, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Alhaja, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́.

Alhaja dá bírò dúró. Ó pe Ayọ̀kúnnúmi wọlé.

"Ọmọ mi, ìwé tó ṣófo sàn ju èyí lọ," ó sọ. "Èyí tó bá ṣófo, a ó béèrè. Èyí tó bá kún, a máa ń gbà á gbọ́."

Wọ́n ti ilé ìtọ́jú náà pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àǹtí Bíọ́lá fi mọ́tò gbé Ìyá Tàjùdéèn lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Nígbà tó dé, ó gbé fóònù síwájú Ayọ̀kúnnúmi. Èèyàn mọ́kànlá ni wọ́n ti tọ́jú láti Sátidé, gbogbo wọn ló sì gbọ́dọ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Ìwọ lo máa pè wọ́n," ó ní. "Sọ ohun tó o ṣe fún wọn."

Ẹni àkọ́kọ́ ṣépè. Ẹnì kejì já fóònù mọ́ ọn létí. Ẹnì keje ni Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, tó kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́. Ó gbọ́ ọ títí tó fi parí, ó wá ní, "Ayọ̀kúnnúmi, ìwọ náà?" Ìyẹn dùn ún ju èpè lọ. Ó sunkún, ó nu ojú, ó tẹ nọ́ńbà ẹnì kẹjọ.

Ọlọ́run ṣàánú, àyẹ̀wò fi hàn pé kò sẹ́ni tó kó àrùn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n Ayọ̀kúnnúmi ló yọ wọ́n. Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí ẹ kò bá ṣe, ẹ sọ pé ẹ kò ṣe é. Ìbáwí rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tó bá purọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ara ọmọlọ́mọ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.