Orúkọ Tó Wà Lára Igi Máńgò

Bàtà funfun ni Démiládé Fáṣínà wọ̀ wá sí ọgbà tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìkòsì, lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Damaris ló kọ́kọ́ rí i. Ó kúnlẹ̀ sídìí àpò iyẹ̀pẹ̀, ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin kan tó dúró gbọnrangandan lórí bíríkì kan ṣoṣo.

"Brother, ṣé orí bíríkì yẹn lẹ ti máa kàwé yìí tán ni?"

"Mò ń wo ibi tí mo máa gbẹ́sẹ̀ lé."

"Ẹrẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Bàtà bàjẹ́, ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ewé tí Démiládé kò lè fi èdè Látìn pè. Damaris, ọmọ apẹja Agboyi, kò gbọ́ Látìn, àmọ́ igi tó bá fọwọ́ kàn kì í kú. Mummy Fáṣínà, ìyá Démiládé, sì ti kéde fún gbogbo ìjọ pé ìyàwó tí kò ní sátífíkéètì ò ní wọlé òun.

Fún ìdánwò, oníkálukú máa so ẹ̀ka máńgò dídùn mọ́ ọmọ igi máńgò lásán, á fi ọ̀rá dì í, á sì fi í sílẹ̀ títí á fi rúwé. Démiládé so páálí mọ́ tirẹ̀: DÉMILÁDÉ FÁṢÍNÀ, HORTICULTURIST IN VIEW. Páálí náà tóbi ju igi lọ. Àmọ́ láràárọ̀ ló ń tú ọ̀rá wò bóyá ó ti lẹ̀ mọ́ra.

"Darling, o ń pa á o. Má tú u mọ́."

"Àyẹ̀wò ni mò ń ṣe. Sáyẹ́ǹsì nìyẹn."

Láàárọ̀ ìdánwò, sáyẹ́ǹsì ti gbẹ. Démiládé jókòó tì í, ó ń sunkún. Damaris rántí Mummy àti gbogbo ìjọ. Kí àwọn yòókù tó dé, ó tú páálí ńlá yẹn, ó so ó mọ́ igi tirẹ̀ tó ti rúwé mẹ́rin, ó sì so orúkọ ara rẹ̀ mọ́ òkú igi. Démiládé rí i. Ó nu omijé ojú rẹ̀ nù.

Ó yege. Damaris fìdí rẹmi.

Lóṣù kejì, Démiládé mú Damaris lọ sílé wọn ní Ogudu, tí Mummy ń pè ní GRA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri GRA ni. Mummy gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀.

"Démi sọ fún mi pé o fìdí rẹmi. Máńgò kan ṣoṣo, ọmọ mi! Ta ló máa wá fún irú ẹ lọ́mọ tọ́?"

Damaris wo Démiládé. Démiládé wo ìrẹsì.

"Ẹ ṣé oúnjẹ, Mummy." Ó kúnlẹ̀, ó jáde.

Sátífíkéètì wà lára ògiri, nínú gíláàsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Démiládé fi wò ó kó tó já a, kó sì gbé e lọ bá Ọ̀gá Richard, olùkọ́ wọn, ó jẹ́wọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gba sátífíkéètì náà. Wọ́n ní àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò fún ọdún kan. Bẹ́ẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ ni Damaris ì bá tún tirẹ̀ ṣe.

Démiládé bá a létí títì ní Kétu, níbi tó ti ń ta ọmọ igi.

"O ò bi mí kó o tó lọ jẹ́wọ́. Ìtura ọkàn tìẹ, ọdún kan tèmi ló gbà."

"Má bínú, olólùfẹ́ mi."

"Mò ń bínú." Ó na ọ̀bẹ àti ọ̀rá sí i. "So ọ̀kan. Má tú u wò. Tó bá rúwé, gbé e wá. Tí ò bá rúwé, jókòó ti Mummy."

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún. Nígbà mìíràn, ó máa ń jókòó lé ọwọ́ ara rẹ̀ kó má baà tú u. Mummy kò bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó gbé e dé. Ewé méjì, pupa rẹ́súrẹ́sú. Damaris fi ìka kàn wọ́n, kò rẹ́rìn-ín. Ó na páálí àti bírò sí i.

"Kọ orúkọ ẹni tó ni ín."

Ó kọ DAMARIS, ó kún páálí. Nísàlẹ̀, níbi tó ṣẹ́ kù, ó kọ tirẹ̀, ó kéré bí èèrà.

"Mi ò rí ìyẹn kà."

"Má kà á. Ṣáà fi í síbẹ̀."

Damaris wò ó pẹ́. Ó so páálí náà mọ́ igi, ó ta á ní kókó méjì.

"Lẹ́yìn ìdánwò ọdún tó ń bọ̀, wá rí bàbá mi ní Agboyi. Ọkọ̀ ojú omi la máa wọ̀." Ó bojú wo ẹsẹ̀ Démiládé. "Má wọ bàtà funfun."