Orúkọ Tí Wọ́n Fi Rán Tiwátọ́pẹ́

"Tún un pè kí n gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí.

Tiwátọ́pẹ́ mí kanlẹ̀. "Modúrótìyárẹkóotódé."

"Tún un pè."

"Modúrótìyárẹkóotódé. Màmá, mo ti mọ̀ ọ́n."

Orí àpótí ni Ìyá Àgbà jókòó sí níwájú ilé rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fi aṣọ wé orúnkún rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá lé adìẹ kúrò nídìí kòkó tó ń sá. Ìgbà tí ó ń bọ̀ láti oko lẹ́yìn òjò ló yọ̀ ṣubú, tí orúnkún náà wú. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, bẹ́ẹ̀ òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ débi pé ọ̀kadà nìkan ló ń wọ àdúgbò wọn. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè lọ sí Ọ̀wọ̀ fún ìkómọ ọmọ tuntun tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ bí. Tiwátọ́pẹ́, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, ni wọ́n rán wá gba orúkọ lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ ò bá kúkú sọ ọ́ fún Dádì lórí fóònù."

"Orúkọ ọmọ kì í ṣe ọjà tí à ń ná lórí fóònù. Ẹnu ẹni tó ti ilé mi wá ni kí ìyá rẹ ti gbọ́ ọ, lójú gbogbo ẹbí. Má fi kún un, má sì yọ nínú rẹ̀."

"Kí ló dé tó gùn tó báyìí?"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo fẹ́ sọ ló gùn. Ìyá rẹ á mọ̀."

Ó súre fún un, ó ní kí ọlọ́kadà so iṣu mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà dáadáa, ó sì ń juwọ́ sí wọn títí wọ́n fi pẹ́ kọ́nà.

Gbogbo ọ̀nà ni Tiwátọ́pẹ́ ń dá a pè sínú, bí ó sì ti ń pè é ni inú rẹ̀ ń bàjẹ́. Ta ni yóò jókòó sí kíláàsì kan tí tíṣà yóò máa pe irú orúkọ yìí? Kí tíṣà tó pè é tán, agogo á ti lù. Ohun tó tún dùn ún jù ni pé ó ti fọ́nnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun ni ìyá rẹ̀, Fúnmiọlá, kò ti bímọ mọ́, nítorí náà nígbà tí ọmọbìnrin yìí dé, ńṣe ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé ìwé gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Wásáàpù bí ẹni pé àwọn ló bímọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kó orúkọ ìgbàlódé jọ. Nígbẹ̀yìn, Hamidat, ọmọ télọ̀ tí ilé wọn kọjú sí ilé Tiwátọ́pẹ́, mú Ẹwàtómilọ́lá wá. Gbogbo wọn pariwo pé òun gan-an nìyẹn.

"Orúkọ yẹn ni wọn á máa pè é," ni Tiwátọ́pẹ́ sọ fún wọn. "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀."

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e dé iwájú bàbá rẹ̀, Olúgbádé, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ìyẹn mi orí. "Orúkọ mẹ́ta péré ló máa wọ ìwé ìbí rẹ̀. Tèmi, ti mọ́mì rẹ, àti ti Màmá. Èyí tí Màmá bá sọ ọ́ la ó sì máa pè é."

Báyìí, orúkọ tí Màmá sọ ọmọ náà wà lẹ́nu Tiwátọ́pẹ́ nìkan. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ ìkómọ, àwọn ẹbí kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn àbúrò bàbá bàbá rẹ̀ jókòó níwájú pẹ̀lú fìlà wọn. Hamidat dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Fíkà ìjọ wọn gbàdúrà, ó fi oyin kan ètè ọmọ náà, bàbá sọ orúkọ tirẹ̀, ìyá sọ tirẹ̀.

"Ó ku ti Ìyá Àgbà," ni Fíkà wí. "Ta ni wọ́n rán?"

Tiwátọ́pẹ́ dìde. Ó rí ojú ìyá rẹ̀ tó gbé sókè sí i, tó ń retí. Ó rí Hamidat tó ń ṣẹ́jú sí i.

"Màmá ní kí ó máa jẹ́ Ẹwàtómilọ́lá."

Pálọ̀ hó yèè. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà ní, "Ṣé Veronica, ìyàwó ẹ̀gbọ́n wa tí a mọ̀ yìí, ló mọ orúkọ ọmọ sọ báyìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìyẹn nìkan ni Màmá sọ?" ló béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Fúnmiọlá mi orí díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn àlejò jẹun tán, tí wọ́n ti ń tú ká, Tiwátọ́pẹ́ wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀. Ó bá a tó ń fún ọmọ lọ́mú, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mọ́mì, ṣé ó rẹ̀ yín ni?"

"Kò rẹ̀ mí. Jókòó." Ó sún fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. "O ti dàgbà tó láti gbọ́. Nígbà tí n kò bímọ mọ́ lẹ́yìn rẹ, àwọn bàbá tó jókòó níwájú lónìí ṣe ìpàdé lórí mi. Wọ́n ní kí dádì rẹ fẹ́ ìyàwó mìíràn. Òkèlúsè ni iṣẹ́ gbé dádì rẹ lọ nígbà náà, kò sí níbẹ̀. Màmá wà níbẹ̀. Wọ́n jáde, ọ̀rọ̀ náà kú, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi ohun tí Màmá sọ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi: ṣé ẹ̀yìn mi ló wà ni, àbí ẹ̀yìn tiwọn? Báwo ni èèyàn ṣe ń bi ìyá ọkọ rẹ̀ nírú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Mo rò pé lónìí, ó máa fi orúkọ ọmọ bá mi sọ̀rọ̀." Ó rọra fi ìka nu ẹnu ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n kò burú. Orúkọ tó dùn ni."

Bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára ni Tiwátọ́pẹ́ ṣe. Mo dúró ti ìyá rẹ kí o tó dé. Ó ti pe orúkọ náà nígbà àìmọye, kò gbọ́ ohun tó ń wí rí. Ẹ̀rù bà á láti jẹ́wọ́. Ó dìde, ó lọ fọ abọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, fóònù bàbá rẹ̀ dún. Ìyá Àgbà ni. Bàbá jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ẹ bá mi pe ọmọ náà ní orúkọ tí mo sọ ọ́, kí n fetí mi gbọ́."

"Ẹwàtómilọ́lá!" ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin náà mà mọ orúkọ ìgbàlódé."

"Ẹ̀wà? Ta ló ń se ẹ̀wà?"

"Kì í ṣe ẹ̀wà tí à ń jẹ, Màmá. Ẹwà. Ẹwàtómilọ́lá."

Tiwátọ́pẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó ń retí kí àrá sán.

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Orúkọ tó dùn ni. Tiwátọ́pẹ́ ńkọ́? Ṣé ara kò ro ó lẹ́yìn ìrìn ọ̀nà yẹn? Ẹ jẹ́ kí ó jẹ nínú iṣu yẹn dáadáa."

Ká ní Ìyá Àgbà bú u ni, bóyá ì bá wá àwáwí. Ṣùgbọ́n ó bò ó láṣìírí, ó tún ń béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ìyẹn ni Tiwátọ́pẹ́ kò lè gbà mọ́ra. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sí àárín pálọ̀.

"Dádì, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe ohun tí Màmá fi rán mi nìyẹn. Èmi ni mo pa á dà." Ẹkún ti ń gbà á. "Modúrótìyárẹkóotódé ni wọ́n sọ ọ́."

Ìyá rẹ̀ rọra ní, "Tún un pè."

"Modúrótìyárẹkóotódé."

Fúnmiọlá na ọwọ́ gba fóònù. "Màmá... ṣé òótọ́ ni?"

"Fúnmiọlá, òótọ́ ni," ni ohùn Ìyá Àgbà wí. "Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mo sọ fún wọn pé kí wọ́n tó mú obìnrin mìíràn wọ ilé Olúgbádé, kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù tèmi síta, nítorí ọ̀nà tí o bá gbà jáde ni èmi náà á gbà. Wọ́n bú mi lọ́jọ́ náà. Mi ò sọ fún ọ nítorí mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ dé etí rẹ. Mo ní ọjọ́ tí Ọlọ́run bá dáhùn, màá sọ tèmi lójú wọn."

Fúnmiọlá ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ ṣé, ìyá mi." Olúgbádé náà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. Òun pàápàá kò gbọ́ ọ rí.

Nígbà tí wọ́n pa fóònù, Olúgbádé yíjú sí Tiwátọ́pẹ́. "Àwọn tí Màmá fẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ti jẹun, wọ́n ti lọ ilé wọn. Ta ló máa kó wọn padà?"

Tiwátọ́pẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé rẹ̀.

"Gbogbo wọn ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ. Ìwọ lo máa dìde, wàá sọ fún wọn pé o pa iṣẹ́ dà, wàá sì jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán ọ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ Màmá."

Ní ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà padà sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí ó rò pé ìkúnlẹ̀ kò tó. Ẹ̀rín pa Ìyá Àgbà, ó fi ọ̀pá kàn án lẹ́yìn pé kó dìde.

"Màmá, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo rò pé mo ń tún un ṣe ni."

"Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rán ọ kì í ṣe iṣẹ́ ẹrú, Tiwátọ́pẹ́. Iṣẹ́ ọmọ ni látilẹ̀. Ìwọ lo fi tẹrú jẹ́ ẹ." Ó fà á mọ́ra. "Kí ló wà nínú orúkọ náà tó ń tì ọ́ lójú?"

"Àwọn ọ̀rẹ́ mi á fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, mà."

"Wọ́n á ṣe é títí á fi sú wọn. Ìyá rẹ ńkọ́? Ìgbà wo ni ìbéèrè inú rẹ̀ ì bá tán?"

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, Tiwátọ́pẹ́ bọ́ síwájú ìjọ. Ó jẹ́wọ́ ohun tó ṣe, kò fi ọ̀kan pa mọ́. Ó wá kọjú sí àwọn bàbá tó wà lórí ìjókòó iwájú, ó sì pe orúkọ náà pátá, kò yára, kò já a. Àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. Àwọn bàbá náà kò rẹ́rìn-ín. Orúkọ náà yé wọn. Ọ̀kan wo ilẹ̀. Àgbà jù nínú wọn dìde, ó rìn lọ bá Fúnmiọlá níbi tó jókòó sí, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà, ó ní, "Ẹ má bínú sí wa, ìyàwó wa."

Wọ́n fi Tiwátọ́pẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé, kì í ṣe díẹ̀. Ọmọkùnrin kan a máa pe orúkọ náà láti ẹnu géètì títí dé kíláàsì. Hamidat ló kọ́kọ́ ní kó dákẹ́. Ó ti pa fídíò ọjọ́ ìkómọ rẹ́, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà já geere.

Nígbà tí ọ̀nà gbẹ, Fúnmiọlá pọn ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà fi ẹsẹ̀ tí kò tíì san tán jáde pàdé wọn ní ẹ̀bá títì. Àwọn obìnrin méjèèjì di mọ́ra wọn, ọmọ sì wà láàárín. Tiwátọ́pẹ́ ń wò wọ́n, ó sì yé e pé díẹ̀ ló kù kí òun tìtorí ìyìn ọ̀rẹ́ gba ọjọ́ yìí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a rán níṣẹ́ kò ni iṣẹ́ náà, kò sì mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó ń retí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sì ti ṣì í jẹ́, kí ó tètè padà lọ jẹ́ ẹ, bí ojú tilẹ̀ ń tì í.