Orúkọ Kan Lára Kásẹ́ẹ̀tì

"Orúkọ ta ni ká kọ sára páálí kásẹ́ẹ̀tì yìí?" Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, tó ni ilé ìgbohùnsílẹ̀ ní Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo, ló bi Fẹ́yìsayọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1996.

Odindi ọdún kan ni Fẹ́yìsayọ̀ àti Julianah, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi ṣe àwo orin wọn àkọ́kọ́. Fẹ́yìsayọ̀ ń tẹ dùùrù oníná, Julianah ń to ìlù tẹ́kínò, ìlù ijó òyìnbó tí ẹ̀rọ ń lù, sínú ẹ̀rọ. Julianah ló bẹ Phebe, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan ní Iléṣà, kó wá bá wọn kọrin. Ó tún bẹ Nọ́síràtù, ẹni tó fi wákà dárà sí i. Àwọn tó gbọ́ ọ ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ibà dá Julianah dúbúlẹ̀ sílé ìyá rẹ̀ ní Òṣú lọ́sẹ̀ tí ọ̀gá náà béèrè.

"Orúkọ tèmi nìkan ti tó, sà," ni Fẹ́yìsayọ̀ fèsì.

"Ẹnìkejì rẹ ńkọ́?"

"Kò ní bínú, sà."

Orin náà gbajúmọ̀, wọ́n sì pe Fẹ́yìsayọ̀ kó wá ṣeré ní gbọ̀ngàn kan ní Iléṣà. Ojú tì í láti ké sí Julianah, ó lọ bá àwọn akọrin méjèèjì.

"Julianah ló bẹ̀ wá," ni Nọ́síràtù sọ. "A ò rí orúkọ rẹ̀, a ò sì rí tiwa. Máa dá a kọ."

Phebe náà kọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ nìkan ló dúró lórí pèpéle. Ó tẹ ẹ̀rọ ìlù títí, kò mọ̀ ọ́n lò. Dùùrù ń dá dún tín-ín-rín. Àwọn èèyàn ń dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ì bá sàn kí wọ́n hó lé e lórí.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tó ti lọ rí Ọ̀gbẹ́ni Fáṣínà, ó wọkọ̀ lọ sí Òṣú. Ó bá ìyá Julianah níbi tó ti ń sá kòkó.

"Ẹ kúuṣẹ́, mà."

"Wọlé, ọmọ mi. Ara rẹ̀ ti yá. Ó wà ní yàrá."

Fẹ́yìsayọ̀ kúnlẹ̀. "Julianah, jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀gá Fáṣínà ti gbà láti tún páálí náà tẹ̀. Orúkọ gbogbo wa ni yóò wà níbẹ̀."

Julianah fà á dìde nílẹ̀. "Mo ti dárí jì ọ́. Nígbà tí ibà ń ṣe mí, ojoojúmọ́ ni mò ń retí pé wàá wá wò mí. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo rí lọ́wọ́ ará àdúgbò. Mi ò lè bá ọ ṣe orin mọ́, Fẹ́yì."

Páálí tuntun jáde, ó gbé orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Títí di òní, bí Fẹ́yìsayọ̀ bá jókòó ti dùùrù, á tẹ ẹ díẹ̀, á dúró, bí ẹni ń retí kí ẹnì kan gbè é. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹni tó gba ògo ẹlòmíràn mọ́ tirẹ̀ lè bẹ̀bẹ̀, kí wọ́n sì gbẹ̀bẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ kí ọ̀rẹ́ má padà wá mọ́.