Abẹ́rẹ́ Inú Télọ̀

Apá ọ̀tún ikùn ni ẹ̀gbọ́n dì mú títí ẹ̀mí fi bọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Àárọ̀ ló ṣì ń fi àwọn oníbàárà ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ; kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dolóògbé. Wọn ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀, télọ̀ bíi tirẹ̀ tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, di ibẹ̀ gan-an mú.

"Ó ń gún mi o! Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń gún mi!"

Gbólóhùn yìí ló da ilé rú. Àwọn wo ni "wọ́n"? Àwọn aládùúgbò ti mọ̀ ọ́n: ẹyẹ dúdú kan máa ń bà sórí òrùlé yàrá ìyá tó bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ní ìrọ̀lẹ́, ìyá náà kì í sì í lé e. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

"Màmá, ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀!" ni ìyàwó télọ̀ pariwo. "Ẹ ti jẹ ọ̀kan, kò tíì tó yín ni?"

"Ìyàwó, ọmọ tí mo fi inú mi bí?"

"Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá yín nínú ilé yìí!"

Télọ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ti ń bà á. Omi tí ìyá gbé wá fún un, kò fẹnu kàn án.

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tẹ ikùn rẹ̀, ó ní ó jọ àpẹ́ńdíìsì, ṣùgbọ́n kí wọ́n ya fọ́tò inú ná. Abẹ́rẹ́ kan hàn gbangba nínú fọ́tò náà.

"Ẹ ò rí i!" Ìyàwó ká ọwọ́ lérí. "Abẹ́rẹ́ ayé rèé!"

Télọ̀ na ìka sí abẹ́rẹ́ náà. "Màámi ti pa mí."

Dókítà tún wo fọ́tò náà. "Ó lórí róbótó. Píìnì tí ẹ̀yin télọ̀ fi ń di aṣọ pọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń ránṣọ, ibo lẹ máa ń kó píìnì sí?"

Láìronú, ọkùnrin náà fìka kan ètè rẹ̀.

"Ẹ ti gbé ọ̀kan mì nìyẹn. Ó há sínú ìfun yín, òun ló ń gún yín. A máa yọ ọ́ lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Mi ò lè sọ ti ẹni tí mi ò yẹ̀ wò."

"Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹnu lòun náà máa ń kó píìnì sí."

Nígbà tí wọ́n ti yọ píìnì náà, tó sì lè rìn, ó padà sílé, ó wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ìyá ti di ẹrù rẹ̀ sórí ibùsùn láti kúrò nílé. Ojú ọgbẹ́ kò jẹ́ kí télọ̀ dọ̀bálẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ forí jì mí. Píìnì ni. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Ìyá sún sẹ́yìn títí ó fi kan ògiri.

"Má sún mọ́ mi, ọmọ mi. Ṣé ó dá dókítà lójú? Mo ti ń rò ó pé bóyá èmi ló ń pa yín, tí n kò mọ̀."