Fọlárìn Alábòójútó Ìdọ́gba àti Ẹjọ́ Ìyá Kafilat

Ọ̀rẹ́ mi, o ti fura tipẹ́, jẹ́ kí n kúkú là á mọ́lẹ̀: ọkùnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ pé kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, òun gan-an ló ń rẹ́ni jẹ.

Fọlárìn ni orúkọ rẹ̀. Òun ni Alábòójútó Ìdọ́gba fún ilé-ìwé mẹ́fà ní Woolwich àti Thamesmead, nílùú Òyìnbó. Bí wọ́n bá fi ìyà jẹ ọmọ kan nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn rẹ̀, iwájú Fọlárìn ni ẹjọ́ ń wá. Káàdì iṣẹ́ náà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá ń gbàdúrà fún àwọn tó wà nípò gíga, á rọra dìde.

Ní oṣù Kejì, Jemilat mú lẹ́tà wá bá a. Thamesmead East ni obìnrin náà ń gbé, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Ọmọ rẹ̀, Kafilat, gba mọ́kànléláàádọ́rin nínú ìṣirò. Chloe, ọmọ Òyìnbó tí wọ́n jọ jókòó, gba mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Chloe ni wọ́n yàn fún ìdánwò òkè. Ìdánwò ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi Kafilat sí, níbi tí ọmọ kò ti lè gbà ju ìpele karùn-ún lọ nínú mẹ́sàn-án, tí ìkẹsàn-án sì ni òkè pátápátá, bó ti wù kí orí rẹ̀ pé tó. Ẹnjiníà sì ni Kafilat fẹ́ dà.

Fọlárìn ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Mummy. Ṣùgbọ́n a kì í gba lẹ́tà. Fọ́ọ̀mù là ń gbà.”

Jemilat kọ fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Fọlárìn dá a padà: ó ní àpótí ẹ̀sìn ni obìnrin náà fàmì sí, ọ̀rọ̀ àwọ̀ sì ni lójú òun. Jemilat tún un kọ, ó fàmì sí méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mìíràn. Fọlárìn tún dá a padà: ẹyọ kan ṣoṣo ni kó mú.

“Uncle, ẹ jọ̀ọ́, hìjáàbù ló wà lórí ọmọ mi, àwọ̀ mi ló wà lára ẹ̀. Èwo ni kó bọ́ sílẹ̀ kí fọ́ọ̀mù yín tó gbà á?”

“Ẹ má bínú, Mummy. Ìlànà là ń tẹ̀ lé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́.”

“Ìdánwò ò ní dúró de fọ́ọ̀mù o, sir.”

Solomon, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí òun àti Fọlárìn ti jọ gbé Connaught Estate rí, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

“Fọlá, obìnrin yẹn wọ bọ́ọ̀sì mi ní ibùdókọ̀ Harrow Manorway, ẹkún ló ń sun. Dá a lóhùn.”

“Ìwọ mọ òfin ni? Wa bọ́ọ̀sì ẹ, jàre.”

“N ò mọ òfin. Mo ṣáà mọ̀ pé Jésù ò ní kí afọ́jú lọ kọ fọ́ọ̀mù kó tó là á lójú.”

Fọlárìn rẹ́rìn-ín. Ó ní ìwàásù ọ̀rẹ́ òun ti gùn ju bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Karùn-ún, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé pàdé láti yẹ Ìwé Ìlànà Ìdọ́gba wò, èyí tí Fọlárìn fi fọ́tò ara rẹ̀ sí lẹ́yìn. Juliana, alága wọn, ní kó ka ojú-ìwé kẹsàn-án sókè. Ó wú ikọ́, ó gbóhùn sókè. Orúkọ ilé-ìwé mìíràn ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ní ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti da gbogbo ìwé náà kọ. Ó yí orúkọ padà níbi gbogbo, ó gbàgbé ibẹ̀.

Juliana béèrè pé, “Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ṣé àwọn ọmọ ibẹ̀ náà wà lábẹ́ yín ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ kejì, Fọlárìn wọ bọ́ọ̀sì Solomon, kò sọ̀ kalẹ̀ títí wọ́n fi dé òpin ọ̀nà.

“Sólò, wọ́n ká mi mọ́ ìwé tí mo dà kọ lánàá. Ojú tì mí.”

“Torí wọ́n mú ẹ ni. Obìnrin tí ò ń dá padà ńkọ́, ìyẹn ò tì ẹ́ lójú?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju ẹ̀rín ìgbìmọ̀ lọ. Ó bọ́ káàdì lọ́rùn, ó kúnlẹ̀ láàárín àga bọ́ọ̀sì. “Olúwa, olè ni mí, agbéraga ni mí. N kò ní ẹjọ́ kankan tí mo lè rò. Jésù, gbà mí.” Olúwa sì gbà á níbẹ̀.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Ta ni o ní kó lọ kó bọ̀? Kristi kò dá ọ padà rí. Ìwọ lò ń sọ fún un pé kó padà wá lọ́la. Ronú pìwà dà lónìí. Àánú rẹ̀ kò lópin, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o fi ṣòfò kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Fọlárìn sáré dé ilé Jemilat. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ìdánwò òkè ni Kafilat yóò ṣe.

“Ẹ dìde, Uncle,” ni Jemilat wí. “Àárọ̀ àná ni wọ́n ṣe é.”