Ọkọ̀ Tó Ń Fò Nígbà Tí Kò Rẹrù

Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni Sethunya kọ́kọ́ rí, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ń fò ju iwájú lọ. Píkọ́ọ̀pù funfun kan ni, táǹkì omi tó ti ṣófo wà lórí rẹ̀, ó ń bọ̀ láti ọ̀nà Lokgwabe, eruku sì ń lé e bọ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá ṣe ń kan ilẹ̀ ló tún ń ta sókè bí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú lókùn, orí awakọ̀ a sì kan òrùlé gbì. Sethunya, tó ń din magwinya, àkàrà ìyẹ̀fun tó jọ pọ́fù-pọ́fù, tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo ìlú Hukuntsi, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ pa àtàrí. Ọkùnrin gíga kan ni, eruku ti bò ó látòkè délẹ̀, eyín nìkan ló ń dán lójú rẹ̀.

"Mma, ẹ̀rín yẹn pọ̀ o. Ṣé èmi lẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ta ni ì bá tún jẹ́? Ṣé mọ́tò lẹ gùn wá ni, àbí ẹṣin tí wọn ò tíì kó ìjánu sí lẹ́nu?"

"Ẹ jẹ́ kí n rọ omi sí i ná kẹ́ ẹ tó bú u. Tí táǹkì bá kún, á máa rìn jẹ́jẹ́ bí ìyàwó tuntun."

"Tó bá wá ṣófo ńkọ́?"

"Á di ìyakọ!"

Sethunya fẹ́rẹ̀ẹ́ da epo gbígbóná sílẹ̀.

Mompati lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé omi lọ sí àwọn ibùdó màlúù tó wà nínú aginjù Kalahari níbi tí kànga ti gbẹ. Omi wúwo púpọ̀. Kí ìdí ọkọ̀ má bàa jókòó sílẹ̀, ó ti ki àpò rọ́bà méjì bọ inú sípíríìnì ẹ̀yìn, ó sì máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn bí ẹni ń fẹ́ táyà. Àwọn àpò yìí ló ń gbé ẹrù dúró. Ṣùgbọ́n bí omi bá tán tí atẹ́gùn kò sì dínkù, wọ́n á le ju ohun tó wà lórí wọn lọ, ni wọ́n á bá máa da ọkọ̀ láàmú.

"Ṣé ẹ ò lè tú atẹ́gùn náà dànù ni?" Sethunya bi í.

"Kí n wá fi ẹnu fẹ́ ẹ padà? Páńpù ilé epo yìí, ọjọ́ tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. Abẹ́ ọkọ̀ sì ni ẹnu àpò náà wà. Ta ló fẹ́ máa sùn sórí yanrìn gbígbóná lójoojúmọ́?"

"Ọ̀lẹ," ni Sethunya wí, ó sì yan magwinya tó tóbi jù lọ fún un.

Láti ọjọ́ náà ni Mompati kò ti mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ mọ́. Á ní òun ò tíì jẹun láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ẹran ṣì wà létè rẹ̀. Sethunya á ní kó lọ nu ẹnu rẹ̀ kó tó wá purọ́. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣàwàdà ni ìfẹ́ ń ta gbòǹgbò, nígbà tí òjò àkọ́kọ́ yóò fi rọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè mọ́, gbogbo ìlú ti mọ̀.

Bàbá Sethunya ti kú tipẹ́. Malome, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin, ló tọ́ ọ dàgbà, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, bí malome, ìyẹn arákùnrin ìyá, kò bá fẹnu sí i, kò sẹ́ni tó lè fi ọmọ fọ́kọ. Malome gbà. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé kan tí àwọn obìnrin ìdílé Mompati yóò wá tọrọ ìyàwó ní ìdájí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni nǹkan dàrú.

Mompati gbé omi lọ sí ibùdó Malome, ó rọ ọ́ tán, bàbá náà sì ní kó gbé òun dé ìlú. Inú Mompati dùn, ó fẹ́ kí àna òun mọ̀ pé òun mọ ọkọ̀ wà. Kò tú atẹ́gùn. Ọ̀nà náà sì ti ṣe kẹ́rẹ́kẹ̀rẹ̀ bíi páànù òrùlé. Ọkọ̀ òfìfo náà ń fò, táyà ẹ̀yìn kò di ilẹ̀ mú mọ́, nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀nà ti yà, ẹ̀yìn yọ̀, ó gbá wọn lọ sínú igi ẹlẹ́gùn-ún. Egungun ìhà Malome kan sán.

"Ọ̀nà ni, Malome," ni Mompati ń wí. "Ọ̀nà yìí ti bàjẹ́ jù."

Nígbà tí wọ́n di ìhà bàbá náà tán, ó gun kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà padà sídìí màlúù rẹ̀, ó ní kí wọ́n sọ fún àwọn tó ń bọ̀ ní Sátidé pé kí wọ́n má retí òun.

Magwinya ń jó nínú epo níwájú Sethunya, kò rí i. Ẹ̀rù ń bà á pé Malome kò ní wá, ohun tó sì ń dùn ún jù ni pé òun mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà.

Nígbà tí Mompati wá bá a, kò jẹ́ kó jókòó.

"Ṣé ọ̀nà ni, Mompati?"

Ó wo ilẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, tí mo bá sọ òótọ́, wọn ò ní fi ẹ́ fún mi mọ́."

"Tó o bá sì parọ́, èmi ò ní fẹ́ ẹ. Lónìí o di ẹ̀bi ru ọ̀nà. Lọ́la ńkọ́, ta lo máa dì í rù? Ṣé èmi ni?"

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Mompati gbé omi lọ sí ibùdó Malome. Sethunya àti ìyá rẹ̀ bá a lọ. Nígbà tí omi wọ ọpọ́n ìmumi màlúù tán, Mompati kúnlẹ̀ síwájú àga bàbá náà.

"Malome, kì í ṣe ọ̀nà. Èmi ni. Ọ̀lẹ ló mú mi, mi ò tú atẹ́gùn inú àpò. Ẹ forí jì mí."

Bàbá náà nawọ́ sí ọkọ̀. "Lọ tú u níṣojú mi."

Mompati nà sórí yanrìn gbígbóná, ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Atẹ́gùn ń jáde ṣììì, ìdí ọkọ̀ ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ariwo náà dákẹ́.

"Tú u tán," ni Malome wí.

"Rárá, Malome."

Sethunya di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Kí ló dé tí kò kàn lè ní ó ti tán?

"Mo ní kó o tú u tán!"

"Ẹ má bínú, sà. Tí mo bá tú u tán pátápátá, sípíríìnì á gé rọ́bà náà jẹ. Díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Èyí tó kù yìí ò lè ju ẹnikẹ́ni sókè."

"Wọ́n ní páńpù ilé epo ti bàjẹ́. Báwo lo ṣe máa gbé omi lọ́la?"

"Màá máa gbé ìdajì táǹkì lẹ́ẹ̀mejì."

Malome dìde, ó di ìhà rẹ̀ mú, ó wọ iwájú ọkọ̀. Wọ́n rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ọ̀nà kan náà, ọkọ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ ṣùgbọ́n kò fò. Nígbà tí wọ́n délé, bàbá náà sọ̀ kalẹ̀, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Sethunya kò fojú ba oorun.

Ní ìdájí, àwọn obìnrin dé pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì léjìká wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀. Àga Malome ṣófo. Wọ́n dúró, dúró, ilẹ̀ ń mọ́. Sethunya ń wò láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí, Malome rọra jáde wá, ó jókòó.

"A wá tọrọ igbá omi ni, Rra," ni àgbà inú wọn wí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìtọrọ ìyàwó wọn.

"Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé omi káàkiri?" Malome dáhùn. Ẹ̀rín pa díẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ojú tiẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ pe Sethunya fún mi."

Sethunya jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ọmọ mi, ọmọ wọn yẹn purọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan. Lánàá, nígbà tí irọ́ ì bá tù mí nínú, ó kọ̀, kò pa á. Mo ti ro ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ǹjẹ́ o mọ àwọn…"

"Mo mọ̀ wọ́n, Malome!" Sethunya ò jẹ́ kó parí ìbéèrè náà.

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ojú. Malome náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń di ìhà rẹ̀ mú, ó ń ní kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n má pa òun.

Nígbà tí mímí rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ó na ọwọ́ sí Sethunya.

"Dìde," ó ní. "Bu omi fún wọn."